Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Inú Oríkèé: Ohun Tí Ìtàn Ìtọ́jú Làkúrègbé Fi Hàn

Ní 1859 ni Alfred Garrod, oníṣègùn ará London, fún làkúrègbé tí ara fi ń bá ara rẹ̀ jà ní orúkọ tí ilé ìwòsàn ṣì ń lò. Awọ inú oríkèé aláìsàn a máa pọ́n, a máa nípọn, iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín a sì hù kún inú rẹ̀. Ṣé àmì àìsàn lásán ni iṣan wọ̀nyí, àbí wọ́n lọ́wọ́ nínú rẹ̀? Èrò tèmi ni pé wọ́n lọ́wọ́ nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kọ́ ni gbòǹgbò. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wádìí jẹjẹrẹ ni ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ ti wá: Judah Folkman sọ ní Boston ní 1971 pé kókó jẹjẹrẹ kò lè tóbi ju bíńtín lọ láìsí iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun tí yóò máa bọ́ ọ. Ní 1986, Alisa Koch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì agbèjà ara inú oríkèé aláìsàn lè mú irú iṣan bẹ́ẹ̀ hù. Nígbà tó di 1992, oògùn tó ń dènà ìhù iṣan ti mú kí oríkèé eku tó wú fà sẹ́yìn.

Ẹnìkan lè béèrè pé, kí ló dé tí bevacizumab kò fi di oògùn làkúrègbé? Ó ń dá VEGF, èròjà tó ń mú iṣan ẹ̀jẹ̀ hù, lẹ́kun, Amẹ́ríkà sì ti fọwọ́ sí i fún jẹjẹrẹ ìfun láti 2004. Ìbéèrè gidi ni. Ara nílò VEGF láti fi wo egbò sàn, dídá a lẹ́kun sì lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru àti ẹ̀jẹ̀ dídà. Kò tọ́ ká gbé irú ewu bẹ́ẹ̀ lé ẹni tí yóò máa gba ìtọ́jú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdáhùn tó ju èyí lọ wà ní London. Ní 1992, Marc Feldmann àti Ravinder Maini ti Kennedy Institute bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn Charing Cross ní oògùn tó ń ká TNF, èròjà tó ń ru wíwú sókè, lọ́wọ́ kò. Ara tù wọ́n. Ní 1998, Ewa Paleolog àti ẹgbẹ́ rẹ̀ jábọ̀ pé VEGF náà dínkù nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó gba irú oògùn bẹ́ẹ̀. Òkè odò ni TNF wà; ibẹ̀ ni wọ́n ti dí omi.

Bí ẹnìkan bá wá ní kí a gbàgbé iṣan ẹ̀jẹ̀ nígbà náà, mi ò gbà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú aboyún lè fi ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn lódì hàn nínú oríkèé tí kò dun aláìsàn mọ́, eegun irú oríkèé bẹ́ẹ̀ sì lè máa bàjẹ́ lọ.