Ojú Rí, Ọwọ́ Kò Bà: Ìtàn Àwòrán Orí Afẹ́fẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Òótọ́ ni; ṣùgbọ́n ojú pàápàá a máa tan olójú jẹ. Ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ lóru láti Arámọkọ lọ sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè yóò jẹ́rìí sí i. Bí awakọ̀ bá tan iná inú ọkọ̀, tí èrò kan sì kọjú sí fèrèsé, yóò rí ojú ara rẹ̀ níta, lórí igbó ẹ̀bá ọ̀nà, tí ó ń bá ọkọ̀ sáré, tí igi kò sì dí i lọ́nà. Bí awakọ̀ bá pa iná, a pòórá. Kò sí iwin níbẹ̀, kò sí oògùn. Dígí àti iná ni. Orí nǹkan kékeré yìí ni ọgbọ́n tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ dúró lé.

Kí a tó dé òkè òkun, ẹ jẹ́ kí a yà sí Ìgbòho. Samuel Johnson sọ ìtàn Aláàfin Abípa nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Nígbà tí àwọn Aláàfin ti ṣe àtìpó pẹ́ ní Ìgbòho, Abípa pinnu láti dá ààfin padà sí Ọ̀yọ́ Ilé. Èyí kò dùn mọ́ àwọn ìjòyè nínú, nítorí ilé àti oko wọn ti fìdí múlẹ̀ níbi tí wọ́n wà. Bí ọba ti rán ìránṣẹ́ lọ yẹ ilẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìjòyè rán ènìyàn tiwọn ṣáájú ní ìkọ̀kọ̀: abuké, àfín, adẹ́tẹ̀, aràrá àti arọ. Òru ni àwọn wọ̀nyí jáde lórí òkè Àjàkà pẹ̀lú ògùṣọ̀ lọ́wọ́, tí wọ́n ń pariwo pé kò sí àyè fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àwọn ìránṣẹ́ sá padà, wọ́n ní iwin ti gba ìlú.

Abípa kò bá wọn sá. Ó rán àwọn ògbójú ọdẹ lọ, wọ́n sì mú àwọn "iwin" náà wá láàyè. Ní ọjọ́ tí àwọn ìjòyè pé jọ sí ààfin, ẹni tí olúkúlùkù rán ni a ní kí ó gbé ọtí wá fún un. Ojú tì wọ́n. Nítorí èyí ni a ṣe ń pe Abípa ní Ọba Mọ́rọ̀, èyí ni ọba tí ó mú ọ̀rọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ni orúkọ mìíràn tí a ń pe iwin. Joel Adédèjì, tí ó ṣe ìwádìí jinlẹ̀ lórí eré oníṣe Yorùbá, ka ìṣẹ̀lẹ̀ yìí mọ́ orírun eré Alárìnjó, iṣẹ́ àwọn apidán. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàkíyèsí ohun mẹ́ta tí idán òkè Àjàkà fi ṣiṣẹ́: òkùnkùn, iná tí a darí, àti jíjìnnà sí awòran. Àwọn náà ni a óò tún bá pàdé ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó.

Ní 1798, Étienne-Gaspard Robertson bẹ̀rẹ̀ sí í fi iwin dẹ́rù ba àwọn ará Paris. Fìtílà onídígí tí ń ju àwòrán síta ni ó lò. Nígbà mìíràn, èéfín ni ó ń ju àwòrán náà lù. Ẹni tí ó bá ti rí bí iná ọkọ̀ ti í dúró sára kùrukùru òkè Ẹ̀fọ̀n ní àsìkò òjò kò ní ṣiyèméjì pé ó ṣeé ṣe.

Henry Dircks, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Liverpool, ni ó gbé ọgbọ́n ti dígí kalẹ̀ ní 1858. Ṣùgbọ́n bí òun ti là á sílẹ̀, àfi kí a tún ilé eré kọ́. John Henry Pepper, ti Royal Polytechnic Institution ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ó tún un ṣe kí ó lè bá ilé eré tí ó ti wà mu. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá, 1862, ó fi í hàn nínú eré tí a gbé ka ìtàn Charles Dickens kan.

Báyìí ni ó ṣe rí. A gbé dígí ńlá tí ó mọ́ gaara sí iwájú ìtàgé, a sì dà á díẹ̀ sí ìhà awòran. Nísàlẹ̀, nínú kòtò tí awòran kò lè rí, òṣèré kan wọ aṣọ funfun, aṣọ dúdú sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá tan iná líle sí i lára, àwòrán rẹ̀ yóò hàn nínú dígí. Nítorí pé awòran ń rí òdìkejì dígí náà pẹ̀lú, yóò dà bí ẹni pé iwin dúró láàrin àwọn òṣèré orí ìtàgé. Bí òṣèré inú kòtò ti jìnnà sí dígí tó, bẹ́ẹ̀ gan-an ni iwin yóò jìnnà sí i lẹ́yìn. Idà lè gún un kọjá, kò ní ṣẹ̀jẹ̀. Bí a bá rọra dín iná kù, yóò parẹ́.

Orúkọ Pepper ni ayé fi ń pe idán náà títí di òní. Dircks gbé ẹ̀hónú rẹ̀ jáde nínú ìwé kan ní 1863, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ọgbọ́n náà kò tíì kú. Dígí tí a dà síwájú kámẹ́rà ni ó ń jẹ́ kí oníròyìn tẹlifíṣàn máa ka ìwé nígbà tí ojú rẹ̀ ń wò wá. Ní oṣù Kẹrin, 2012, ní California, àwọn awòran rí Tupac Shakur, olórin tí ó ti kú ní 1996, tí ó ń kọrin lórí ìtàgé. Ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ó rọ́pò dígí, àwòrán tí a fi kọ̀ǹpútà ṣe sì rọ́pò òṣèré inú kòtò.

Kí ni èyí kàn wá sí? Nígbà tí mo wà ní ọmọdé ní Ìjerò, owó sọnù ní agbolé kan. Wọ́n pe ọkùnrin kan tí ó ní òun yóò fi ojú olè hàn nínú àwo omi. Òru ni. Bí wọ́n ti tẹ̀ ba àwo náà, ojú ìyàwó ilé kan hàn nínú omi. Obìnrin náà ti yọjú láti fèrèsé òkè, àtùpà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó gbójú sókè. Kí oṣù tó parí ó ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé ọkọ. Lẹ́yìn ìgbà náà ni a rí owó lábẹ́ àpótí onílé.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ gbé dígí fèrèsé kan dúró lórí tábìlì. Ẹ tan àbẹ́là síwájú rẹ̀, kí ẹ gbé ife omi sẹ́yìn rẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, kí ẹ sì ti fèrèsé kíláàsì. Àwọn ọmọ yóò rí àbẹ́là tí ń jó nínú omi. Ẹ ní kí ọ̀kan fọwọ́ mú un. Lẹ́yìn ẹ̀rín ni ìbéèrè yóò dé, ibẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ má gbàgbé ẹ̀kọ́ èdè pẹ̀lú: awòran ni ẹni tí ń wo ìran, àwòrán ni ohun tí a ń wò. Ohùn nìkan ni ó pààlà sí wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá sì ṣì í kọ yóò pàdánù máàkì.

Abípa kò pe àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ ní òpùrọ́, nítorí wọ́n rí ohun tí wọ́n rí. Ó kàn ní kí a tún padà lọ wò ó ní tòsí ni.