Láti Àlùkìyámọ̀ dé Àlùkìyámọ̀

Ọmọ Ìwó tó bá lọ ilé kéwú dáadáa kò nílò ògbufọ̀ kó tó mọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú orúkọ fíìmù Íńdíà kan tí wọ́n ń pè ní Qayamat Se Qayamat Tak. Qayamat yẹn, Àlùkìyámọ̀ wa náà ni. Inú èdè Lárúbáwá ni àwa àtàwọn ará Íńdíà ti yá a. "Láti Àlùkìyámọ̀ dé Àlùkìyámọ̀": ohun tí orúkọ fíìmù náà ń wí nìyẹn.

Ìyá mi ní kásẹ́ẹ̀tì fíìmù yìí. Àmọ́ nígbà tí mo fi máa dàgbà tó ẹni tó ń wo fíìmù ìfẹ́, fídíò tó ń gbé e ti kú. Orí fóònù ni mo ti wò ó, ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, lóru, mo sì sunkún. Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ẹ fi èmi sílẹ̀ jàre, akéwì ni mí.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì wò ó: ọdún 1988 ló jáde. Mansoor Khan ló darí rẹ̀, Aamir Khan àti Juhi Chawla ló ṣe Raj àti Rashmi. Kí wọ́n tó gbọ́njú, ọmọkùnrin ìdílé Rashmi kan ti fún ọmọbìnrin ìdílé Raj lóyún, ó ní òun kò mọ̀ ọ́n rí. Ọmọbìnrin náà pa ara rẹ̀. Bàbá Raj gbé ìbọn, ó lọ pa ọmọkùnrin náà níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìyàwó fún un. Ó ṣẹ̀wọ̀n, ó dé, ọ̀tá sì di ogún tí wọ́n ń jẹ. Ibi tí ìdílé méjèèjì yìí ti ń ṣọ́ra wọn ni Raj àti Rashmi ti pàdé. Wọ́n sá lọ sórí òkè, wọ́n ń gbé bíi tọkọtaya. Àwọn tí wọ́n háyà láti pa Raj yìnbọn, Rashmi ni ọta bà, Raj sì fi ọ̀bẹ gún ara rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó tán.

Nígbà tí mo délé fún ìsinmi, mo sọ ìtàn yìí fún màmá kan ní agboolé wa. Ìyá Ifẹ̀ ni gbogbo wa ń pè wọ́n, àṣé Modákẹ́kẹ́ ni wọ́n bí wọn sí! Ọkọ wọn ló jẹ́ ọmọ Ifẹ̀. Lójú àwa ará Ìwó, ibì kan náà ni wọ́n ti wá, kí la fẹ́ máa ṣa yàtọ̀ sí? Màmá gbọ́ ìtàn náà dé òpin, wọ́n wá bi mí pé, "Ìdílé méjèèjì yẹn, ṣé wọn ò tíì fẹ́ra wọn rí tẹ́lẹ̀ ni?"

Mo ní rárá o, Raj àti Rashmi ni àkọ́kọ́.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni wọ́n dáhùn. "A jẹ́ pé wọn ò tíì jà nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mi ò rí gbé mì, òun ni mo ṣe ń kọ èyí. Fíìmù yẹn, àti gbogbo irú rẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe látìgbà Shakespeare, ń sọ fún wa pé àwọn tó ń bára wọn jà kì í mọra wọn, pé ìfẹ́ àwọn ọmọ méjì ni afárá àkọ́kọ́. Ní Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, àna ara wọn ni wọ́n ń yìnbọn fún.

Ẹ jẹ́ ká lọ sẹ́yìn díẹ̀. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú, ní nǹkan bí ọdún 1830 sí 1839, ogunléndé ya lọ sí gúúsù. Apá kan dé Ìwó lọ́dọ̀ wa níbí, apá kan dé Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n ń bá àwọn onílé ṣiṣẹ́ oko, wọ́n ń bá wọn jagun, wọ́n sì ń fẹ́ ọmọ wọn. Nígbà tí ìjọgbé fẹ́ di wàhálà, Ọọ̀ni Abéwéilá fún wọn ní ilẹ̀ ọ̀tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú. Wọ́n ní igbe ẹyẹ àkọ̀ orí igi kan níbẹ̀ ló di orúkọ Modákẹ́kẹ́. Lọ́dún 1849, ogun dé. Modákẹ́kẹ́ lé Ifẹ̀ kúrò nílé, Ifẹ̀ sì wà ní Ìṣọ́yà títí di 1854. Lọ́dún 1882, nígbà ogun Kírìjí, Modákẹ́kẹ́ wà lẹ́yìn Ìbàdàn, Ifẹ̀ wà lẹ́yìn Èkìtìparapọ̀, wọ́n sì tún dáná sun Ifẹ̀.

Ibi tó kàn wá jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ìwé àdéhùn oṣù kẹfà ọdún 1886. Àlùfáà Samuel Johnson wà lára àwọn tó ń sáré àlàáfíà yẹn. Ohun tí ìwé náà wí nípa Modákẹ́kẹ́ ni pé ẹni tó bá fẹ́ wà lábẹ́ Ìbàdàn, kó kó lọ sí ilẹ̀ tó wà láàrin odò Ọ̀ṣun àti odò Ọbà. Ẹni tó bá fẹ́ bá Ifẹ̀ gbé, kó máa bá Ifẹ̀ gbé, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dúró sí ìlú yẹn mọ́. Odò Ọbà kẹ̀! Àwa tí wọ́n ń pè ní Olódò Ọbà ńkọ́? Ẹ̀bá odò wa ni wọ́n fẹ́ kó ìlú odidi wá.

Mo ka gbólóhùn yẹn tó ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó dá gbogbo èèyàn lójú pé ọkùnrin kan máa mọ ibi tó fẹ́ lọ. Ìyàwó tí bàbá rẹ̀ wà níhìn-ín, tí ọkọ rẹ̀ wà lọ́hùn-ún, kò sí ìlà kankan fún un nínú ìwé náà.

Wọn ò tètè lọ. Ọdún 1909 ni ìjọba òyìnbó tó tú Modákẹ́kẹ́ ká. Òde-Òmù tó wà nítòsí Gbọ̀ngán, àwọn tó kó kúrò nígbà yẹn ló tẹ̀ ẹ́ dó. Ní 1922 wọ́n padà. Kòkó dé, owó dé, ìṣákọ́lẹ̀ di ẹjọ́ láàrin 1946 sí 1949. Ìjà tún ṣẹlẹ̀ ní 1981 àti 1983. Mi ò ní ka gbogbo rẹ̀, ìtàn náà sú èmi alára. Ṣùgbọ́n láàrin ìjà kan sí èkejì, ọjà kan náà ni wọ́n ń ná, oko wọn pààlà, wọ́n sì ń gbé ìyàwó fúnra wọn. Títì lásán ló là wọ́n láàrin níbòmíràn.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, ibi tí sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ máa wà ló di ogun. Wọ́n gbé e kúrò ní Modákẹ́kẹ́ lọ sí Ẹnuwá, wọ́n tún gbé e lọ sí Òkè-Ògbó. Ilé jó, èèyàn kú, ó sì ń rú títí di ọdún 2000 tí Ààrẹ Ọbásanjọ́ fi gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ Olabode George.

Ìgbà yẹn ni Ìyá Ifẹ̀ dé Ìwó, ní 1998, pẹ̀lú ọmọ méjì. Àkọ́bí wọn ọkùnrin, ọmọ ọdún méjìlá, dúró lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó nà wọ́n, kò sẹ́ni tó lé wọn. Àwọn ará ilé ọkọ kàn ń dákẹ́ bí wọ́n bá ti wọlé. Nígbà tí wọ́n wá kó àwọn ọmọ lọ sílé bàbá tiwọn, ẹ̀gbọ́n wọn ní àwọn kò ní lé wọn, àmọ́ kí àwọn ọmọ Ifẹ̀ yẹn má máa sọ̀rọ̀ níta. Ẹ̀ka èdè ló ń tú èèyàn fó. Kíláàsì ẹ̀ka èdè Yorùbá ni èmi ti kọ́ ìyàtọ̀ ohùn Ifẹ̀ àti ohùn Ọ̀yọ́, tábìlì la yà, a gba máàkì. Màmá yìí kò yá tábìlì kankan, ẹnu ni wọ́n pa mọ́ fún oṣù bíi mélòó kan lọ́jà.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Ìwó? Ẹ̀gbọ́n ìyá wọn kan ló wà níbí, ìyẹn ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wọ̀ wọ́n. Àwa níbí, ìtàn wa ní Adékọ́lá Tẹ̀lú, ọmọ Ọọ̀ni Lúwòó tó jẹ́ obìnrin, ni orírun Olúwòó. Adé wa ti Ifẹ̀ wá. Ahọ́n wa, ahọ́n Ọ̀yọ́ ni. Bí màmá ṣe ń sọ̀rọ̀, ṣe ló dà bíi pé ibí ni wọ́n bí wọn sí. Àwọn ọmọ wọn ni àwọn ọmọ Ìwó ń fi ohùn ṣe yẹ̀yẹ́ níléèwé.

Ọkọ wọn ń wá láti ọdún 2001, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ó ń gbé iṣu wá. Kò ní kí wọ́n padà, àwọn náà kò béèrè. Báyìí ni wọ́n ṣe ṣe é títí baba náà fi kú. Àkọ́bí tó dúró sí Ifẹ̀ ti fẹ́yàwó báyìí. Ọmọ Modákẹ́kẹ́ ló fẹ́.

Nígbà ìsinmi yẹn náà, mo fi òpin fíìmù náà han Ìyá Ifẹ̀ lórí fóònù mi. Wọ́n wo bí oòrùn ṣe ń wọ̀, tí àwọn ẹbí méjèèjì ń sáré bọ̀ wá bá òkú. Wọn ò sunkún.

"Ta ló sin wọ́n?" ni wọ́n bi mí. "Ilẹ̀ ta ni wọ́n sin wọ́n sí?"

Mo ní fíìmù náà kò débẹ̀, àti pé nínú ẹ̀sìn Híńdù, iná ni wọ́n máa ń fi sun òkú.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí. "Wọn ò ní rí sàréè jà lé lórí." Wọ́n dá fóònù mi padà, wọ́n ní kí n bá àwọn wo ìkòkò lórí iná.