Moldova: Orílẹ̀-èdè Àgbẹ̀ Tí Àwọn Ọmọ Rẹ̀ Ń Ṣiṣẹ́ Lẹ́yìn Odi

Tí wọ́n bá dárúkọ Yúróòpù, Lọ́ńdọ̀nù àti Jámánì ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn, a ó sì rò pé kò sí ìṣẹ́ níbẹ̀ rárá. Ẹ̀yin ará wa, ìṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀. Orílẹ̀-èdè kan wà tó ń jẹ́ Moldova, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n gbójú lé láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì wà lára àwọn tó tálákà jù lọ ní gbogbo Yúróòpù. A mú ọ̀rọ̀ wọn wá síbí torí pé ẹni tó ti fi ilé sílẹ̀ lọ wá oúnjẹ òòjọ́ ní ìlú onílùú ló máa tètè yé.

Àárín Ròmáníà àti Ukraine ni Moldova wà. Ó fẹ̀ ju Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ díẹ̀, àmọ́ kò tó ìdajì Ìpínlẹ̀ Niger. Chișinău ni olú ìlú wọn, leu sì ni owó tí wọ́n ń ná. Abẹ́ ìjọba Soviet ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀, ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n gba òmìnira. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn lọ́dún 2024, nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.4 ni wọ́n bá nílé, láìka apá ìlà oòrùn tó ti yapa. Wọn ò ní òkun. Etí odò Danube tí wọ́n ní kò gùn tó ìdajì kìlómítà, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì há èbúté kékeré kan sí, ní Giurgiulești.

Ohun tí Ọlọ́run fún wọn ni ilẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ wọn dú bíi kóró iṣin, ó sì lọ́ràá gan-an. Àlìkámà, àgbàdo, ápù àti èso àjàrà ń hù níbẹ̀ dáadáa, títí kan òdòdó sunflower tí wọ́n ń fún òróró lára irúgbìn rẹ̀. Àjàrà yìí ni wọ́n fi ń ṣe ọtí wáìnì tí ayé fi mọ̀ wọ́n. Ní abúlé Mileștii Mici, wọ́n ń tọ́jú wáìnì sínú ihò abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń wa òkúta tẹ́lẹ̀. Ihò náà gùn tó nǹkan bíi 200 kìlómítà, mọ́tò ń rìn nínú rẹ̀, àwọn títì ibẹ̀ sì ń jẹ́ orúkọ oríṣi wáìnì. Lọ́dún 2005, ìwé Guinness kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibẹ̀ ni àkójọ wáìnì tó pọ̀ jù láyé wà, ó tó mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ìgò.

Ọdún tó tẹ̀ lé e gan-an ni wàhálà dé. Rọ́ṣíà ló ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú wáìnì wọn, torí pé láti ìgbà Soviet ni ọ̀nà ọjà ti lọ síbẹ̀. Lóṣù kẹta ọdún 2006, Rọ́ṣíà ní òun ò gbà á wọlé mọ́. Wọ́n ní oògùn apakòkòrò wà nínú ẹ̀. Àwọn ará Moldova ní irọ́ ni, pé ọ̀rọ̀ òṣèlú ló wà nídìí ẹ̀. Ohun yòówù kó jẹ́, ọtí kún ilé, olówó ò sí. Àwa tí a ń tajà mọ bí èyí ṣe máa ń dun ni. Nígbà kan, ẹnì kan ṣoṣo ló ń ra ju ìdajì ẹ̀wà wa lọ. Ọjọ́ tó yà sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíì, oṣù mẹ́ta gbáko ni kòkòrò fi ń jẹ ẹ̀wà ní ṣọ́ọ̀bù wa.

Rọ́ṣíà tún ti ilẹ̀kùn mọ́ wáìnì náà lọ́dún 2013. Nígbà tí Moldova fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù lóṣù kẹfà ọdún 2014, oṣù kejì ni Rọ́ṣíà ní kí wọ́n má kó èso wọn wá mọ́. Ápù ló dùn wọ́n jù, torí ibẹ̀ ni ọjà ápù wà. Wọ́n ní láti wá oníbàárà tuntun, àwọn yẹn sì ń béèrè ilé tútù, páálí tó dáa àti ápù tó dọ́gba. Owó ni gbogbo ìyẹn. Lónìí, èyí tó ju ìdajì lọ nínú ọjà tí wọ́n ń tà sókè òkun, Yúróòpù ló ń lọ.

Ẹ lè béèrè pé ṣé wọn ò ní iléeṣẹ́ ni. Wọ́n ní, àmọ́ òdì kejì odò Dniester ni Soviet kọ́ àwọn ńlá ńlá sí, iléeṣẹ́ irin ní Rîbnița àti ibi tí wọ́n ti ń pèsè iná mànàmáná. Apá ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Transnistria, yapa, wọ́n sì jagun lé e lórí lọ́dún 1992. Bí Moldova ṣe di ẹni tó ń ra iná lọ́wọ́ ẹni tó bá a jà nìyẹn, iná tí wọ́n sì ń fi gáàsì Rọ́ṣíà pèsè. Nígbà tí ogun Ukraine bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2022, owó gáàsì fò sókè, ọ̀wọ́n gógó ọjà lọ́dún yẹn sì ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Lóṣù kìíní ọdún 2025, gáàsì Rọ́ṣíà dáwọ́ dúró, òtútù sì mú àwọn ará Transnistria nínú ilé wọn.

Ti báǹkì tún wà níbẹ̀. Lọ́dún 2014, nǹkan bíi bílíọ̀nù kan dọ́là pòórá nínú báǹkì mẹ́ta, tó fi díẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo owó tí orílẹ̀-èdè náà ń pa lọ́dún. Ará ìlú ni gbèsè ẹ̀ wá jókòó lé lórí.

Nígbà tí wọ́n tú oko ìjọba Soviet ká, wọ́n pín in fún àwọn ará abúlé. Ó dáa létí, àbí? Àmọ́ ilẹ̀ tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan kéré, kò sì sí owó katakata. Ọ̀pọ̀ fi tiwọn háyà fún àwọn olóko ńlá. Òjò náà kì í ṣe é gbára lé: ọ̀dá ọdún 2020 ba àgbàdo jẹ́ púpọ̀, torí àwọn tó ń bomi rin oko ò pọ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ wọn fi jáde. Àwọn ọkùnrin lọ ń ṣe iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Rọ́ṣíà, ọ̀pọ̀ obìnrin lọ ń tọ́jú arúgbó ní Ítálì. Àwọn abúlé kan wà tó jẹ́ pé ìyá àgbà àti ọmọ kéékèèké ló kù síbẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 2006, owó tí àwọn tó wà lẹ́yìn odi ń fi ránṣẹ́ sílé tó ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo owó tí orílẹ̀-èdè náà ń pa. Ó ti wálẹ̀ báyìí, àmọ́ ó ṣì ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Oúnjẹ, owó iléèwé àti ilé kíkọ́ ló ń gbé e lọ. Díẹ̀ ló ń dé oko.

Iṣẹ́ díẹ̀ ti ń wọlé, bíi wáyà mọ́tò tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Bălți fún àwọn ará Jámánì. Láti ọdún 2024 ni Moldova sì ti ń bá Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù sọ̀rọ̀ láti wọlé.

Àwọn tó wà ní Ítálì kò sì gbàgbé ilé. Bọ́ọ̀sì kéékèèké ló ń ná ọ̀nà Ítálì sí Moldova, bíi ti àwọn tó ń bá wa gbé ẹrù láti gáréèjì. Ẹni tó wà lọ́hùn-ún á di aṣọ, ọṣẹ àti kọfí sínú páálí, á kọ orúkọ ìyá ẹ̀ sí i. Tí bọ́ọ̀sì bá ń padà, á gbé wáìnì ilé àti oúnjẹ tí ìyá fúnra ẹ̀ sè dání.