Chisholm, Shirley (1924–2005)

Olóṣèlú Amẹ́ríkà, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn sí Ilé Aṣojú-ṣòfin orílẹ̀-èdè náà, ní 1968. Brooklyn ni wọ́n bí i sí. Ọmọ Guyana ni bàbá rẹ̀, ọmọ Barbados ni ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ọmọ kéékèèké ló ń ṣe kó tó wọ òṣèlú.

Nígbà tó dé ilé aṣòfin, ìgbìmọ̀ ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí, bẹ́ẹ̀ àárín ìgboro ni àwọn tó dìbò fún un ń gbé. Ó kọ̀ jálẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ síbòmíràn. Ní 1972 ó jáde du ipò ààrẹ lábẹ́ ẹgbẹ́ Democrat. Owó kò tó, púpọ̀ nínú àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ olórí nínú òṣèlú kò sì tì í lẹ́yìn, ìyẹn ló sì dùn ún jù. Síbẹ̀, aṣojú 152 dìbò fún un ní àpérò ẹgbẹ́ náà ní Miami Beach.

Ó jà kí òfin owó iṣẹ́ tó kéré jù lè kan àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ pẹ̀lú, ó sì rí i bẹ́ẹ̀ ní 1974. Iṣẹ́ yìí tóbi ju ìdíje ààrẹ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n lọ. Ó fi ilé aṣòfin sílẹ̀ ní 1983.