Àwọ̀ Lórí Irin Dídán: Ìtàn Ọ̀dà Tó Ń Mú Àwòṣe Kékeré Kọ Mànà

Ẹni tó bá ń kun àwòṣe kékeré, ìbáà ṣe mọ́tò, ọkọ̀ òfuurufú tàbí jagunjagun tí kò ga ju ìka lọ, bó pẹ́ bó yá, yóò fẹ́ kí ohun kan pupa kó sì máa dán bí irin. Ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ síni lọ́kàn ni kí a po ọ̀dà pupa mọ́ ọ̀dà fàdákà. Kì í dára. Pupa náà á ṣá, á fà sí àwọ̀ eérú, nítorí pé èérún alumíníọ́mù inú ọ̀dà fàdákà ń dá ìmọ́lẹ̀ padà kó tó kan pupa, ọ̀dà pupa tó dí náà sì ń bo èérún yẹn mọ́lẹ̀. Ọ̀kan ń pa èkejì. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí irin wà nísàlẹ̀, kí àwọ̀ wà lókè, kí àwọ̀ náà sì mọ́ gaara. Ìmọ́lẹ̀ á gba inú àwọ̀ wọlé, á kan irin, á tún gba inú àwọ̀ jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì ló là á kọjá, ibẹ̀ sì ni dídán tó jinlẹ̀ yẹn ti ń wá.

Ọgbọ́n yìí ti wà tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ta àwòṣe oníke. Ní ọ̀rúndún kejìlá, òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ Theophilus ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé tó fi èdè Látìn kọ, De diversis artibus. Ó ní kí wọ́n mú tánńganran tí wọ́n ti lù títí tó fi fẹ́lẹ́, kí wọ́n dán an, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi, kí wọ́n wá lọ àwọ̀ kúnná nínú òróró linseed, kí wọ́n sì fi kùn ún ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Pictura translucida ló pè é, ìyẹn kíkùn tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá. Irin dídán, àwọ̀ tó mọ́ gaara, ìpele tó fẹ́lẹ́: gbogbo ohun tí oníṣẹ́ òde òní nílò ló ti wà níbẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn tó ń kun ère inú ṣọ́ọ̀ṣì ní ilẹ̀ Jámánì fi pupa àti àwọ̀ ewé tó mọ́ gaara sórí fàdákà láti fi ya aṣọ olówó iyebíye àwọn ẹni mímọ́.

Àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà gba ọ̀nà tiwọn. Wọ́n á fín ilẹ̀ wúrà tàbí fàdákà, wọ́n á sì yọ́ gíláàsì aláwọ̀ sórí rẹ̀ nínú iná. Ife wúrà Royal Gold Cup tó wà ní British Museum, tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Faransé ní ìparí ọ̀rúndún kẹrìnlá, jẹ́ ẹ̀rí. Ní St. Petersburg, ilé iṣẹ́ Fabergé fi ẹ̀rọ fín ìlà wẹ́wẹ́ sára irin kí gíláàsì tó bò ó, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa rìn bí ènìyàn bá ti ń yí i lọ́wọ́. Ẹyin ọ̀ṣọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe fún ọba Rọ́ṣíà jáde ní 1885, ti 1898 tí wọ́n fi òdòdó lílì ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ sì jẹ́ pupa rẹ́súrẹ́sú tí ìlà abẹ́ rẹ̀ ń tàn jáde.

Ọgbọ́n yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé nípasẹ̀ àwọn tó ń tún mọ́tò ṣe lẹ́ṣọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà. Ní àwọn ọdún 1950, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fín ọ̀dà aláwọ̀ wúrà tàbí fàdákà sára mọ́tò, kí wọ́n tó fín ọ̀dà pupa tó mọ́ gaara lé e lórí, ní ìpele lórí ìpele. Joe Bailon ní California ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ pé ó ṣe pupa àkọ́kọ́, tí wọ́n fi orúkọ èso ápù tí wọ́n rì sínú ṣúgà pè, candy apple red. Jon Kosmoski dá House of Kolor sílẹ̀ ní Minnesota ní 1956, iṣẹ́ rẹ̀ ló sì sọ irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ di ohun tí ẹlòmíràn lè rà nínú agolo.

Lẹ́yìn náà ni mọ́tò ìṣeré Hot Wheels dé. Elliot Handler, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ilé iṣẹ́ Mattel sílẹ̀, kò fẹ́ mọ́tò kékeré tí yóò jọ Matchbox ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó fẹ́ èyí tó ń sáré, tó sì jọ àwọn tó ń fa ojú mọ́ra ní òpópónà California. Wọ́n gba Harry Bentley Bradley, tó ti ń ya mọ́tò fún General Motors. Ní 1968, mọ́tò 16 àkọ́kọ́ jáde. Ọ̀kan nínú wọn ni Beatnik Bandit, tí wọ́n wò lára mọ́tò gidi tí Ed Roth ti kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Wọ́n pe ọ̀dà wọn ní Spectraflame. Irin sínkì tí wọ́n yọ́ pọ̀ mọ́ alumíníọ́mù ni ara mọ́tò náà. Wọ́n dán irin yìí, wọn ò fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ bò ó rárá, wọ́n sì fín àwọ̀ tó mọ́ gaara sí i tààrà. Lójú tèmi, kò sí ọ̀dà ohun ìṣeré tó tíì borí èyí. Irin tó ń dán lábẹ́ àwọ̀ yẹn, irin tòótọ́ ni.

Ìnira wà níbẹ̀. Irin tí kò ní ìpìlẹ̀ kò lè fi àbùkù pamọ́, gbogbo ibi tó rí hágahàga ló ń hàn. Irin náà tún ń dúdú lábẹ́ ọ̀dà bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìdí nìyẹn tí àwọn olùkójọ fi máa ń yẹ òrùlé mọ́tò àtijọ́ wò kí wọ́n tó dá iye lé e. Ní 1973, ọ̀pọ̀ jù lọ mọ́tò tuntun Hot Wheels jáde pẹ̀lú ọ̀dà lásán tó dí. Ó dùn mí pé Spectraflame parẹ́ lórí àtẹ ọmọdé. Lónìí Mattel ti dá a padà, àmọ́ àwọn àgbà olùkójọ ni wọ́n sábà ń ṣe é fún.

Ike ni àwòṣe àtòpọ̀ lóde òní, ike kò sì ní irin nínú. Olùkùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe irin náà fúnra rẹ̀. Yóò fín dúdú tó ń dán, yóò jẹ́ kó gbẹ dáadáa, yóò sì fín alumíníọ́mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Alclad II ń tà. Bí dúdú náà bá rí hágahàga, fàdákà á rí hágahàga. Àwọ̀ ló kàn. Ilé iṣẹ́ Tamiya ní Shizuoka ní Japan ní àwọn tó mọ́ gaara, láti X-23 tó jẹ́ búlúù títí dé X-27 tó jẹ́ pupa, àwọn tó ń to róbọ́ọ̀tì Gundam tí Bandai bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1980 sì fẹ́ràn wọn gan-an. Wúrà lábẹ́ pupa ń mú un gbóná. Fàdákà ń jẹ́ kí búlúù dúró bó ṣe rí. Àmọ́ ìpele kọ̀ọ̀kan ń mú àwọ̀ ṣú sí i, nítorí náà apá òsì àti apá ọ̀tún gbọ́dọ̀ gba iye ìpele kan náà. Ṣíbí oníke ni àwọn tó mọṣẹ́ fi ń dán an wò kí wọ́n tó fọwọ́ kan àwòṣe. Ewu mìíràn tún wà: ọ̀dà tó ń dán bí dígí máa ń ṣú bí ọ̀dà tí wọ́n fi kẹ́míkà líle pò bá kàn án lórí, torí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lo àwọ̀ tí wọ́n fi omi pò níbẹ̀.

Fún àwọn jagunjagun kéékèèké bíi ti ilé iṣẹ́ Citadel, tó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìparí àwọn ọdún 1970, búrọ́ọ̀ṣì lásán tó. Àwọ̀ olómi máa ń ṣàn lọ sínú kòtò, ó sì ń fi etí irin sílẹ̀ kó máa tàn. Lára mọ́tò àbùkù ni ìyẹn. Lára ìhámọ́ra, òun gan-an ni ẹwà. Ọ̀dà Contrast tí ilé iṣẹ́ Games Workshop gbé jáde ní 2019 ń ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa lórí fàdákà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpìlẹ̀ funfun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò ó lé.

Ohun tó kù ni oòrùn. Aró ló ń fún ọ̀pọ̀ nínú àwọ̀ tó mọ́ gaara jù lọ ní agbára rẹ̀, aró sì ń ṣá. Pupa rẹ́súrẹ́sú Hot Wheels àtijọ́ ti fi hàn bẹ́ẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú àwọ̀ ń pẹ́ jù ú lọ, àmọ́ kì í mọ́ gaara tó aró. Ẹni tó bá yan aró nítorí ẹwà rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi fáníìṣì tó ń dí ìtànṣán oòrùn bò ó, kó sì gbé iṣẹ́ náà jìnnà sí fèrèsé.