Igbó Ọba Olúwa: Ìjà Ilẹ̀ Láàrin Igi àti Oúnjẹ

Orúkọ Ọ̀rẹ̀ kì í kúrò nínú ìtàn ogun abẹ́lé ọdún 1967. Ìtàn mìíràn wà nínú igbó tó yí ìlú náà ká, ó sì yẹ ká rántí rẹ̀ nísinsìnyí tí àwọn kan ń wá ohun ọ̀gbìn tí a lè sun dípò epo rọ̀bì.

Ìjọba amúnisìn ló sọ igbó Olúwa, ní agbègbè Òdìgbó, di igbó ọba. Nígbà tó yá, ìjọba tiwa gé apá kan igbó àdáyébá náà, ó sì gbin gmelina, igi ilẹ̀ Íńdíà tó máa ń yára dàgbà, kí ilé iṣẹ́ bébà Ìwópìn ní Ìpínlẹ̀ Ògùn lè máa lò ó. Àgbẹ̀ ló bá wọn tọ́jú igi. Wọ́n ya ilẹ̀ fún un, ó ń gbin àgbàdo àti iṣu sáàárín igi kéékèèké. Bó ti ń roko tirẹ̀ ló ń ro ti ìjọba. Taungya ni wọ́n ń pe ètò yìí, orúkọ tó ti Burma wá. Láàrin ọdún 1920 sí 1930 ni ó dé Nàìjíríà. Bí ewé igi bá ti pàdé lókè, oòrùn kò dé ilẹ̀ mọ́, àgbẹ̀ á sì kó ẹrù rẹ̀. Níbo ni yóò lọ? Inú igbó tó kù ni ọ̀pọ̀ wọ̀, wọ́n gbin kòkó síbẹ̀. Iṣẹ́ bébà Ìwópìn kò sì gbèrú. Pákó àti igi ìdáná ni gmelina dà.

Lọ́dún 2007, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà jáde pé kí a máa fi ẹ̀gẹ́ àti ìrèké ṣe ẹ́tánọ́ọ̀lù tí a ó pò mọ́ bẹntiróòlù. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà gan-an, àwọn ará Mexico tú sígboro nítorí àgbàdo tó gbówó lórí. Àgbàdo tí Amẹ́ríkà ń sọ di epo ọkọ̀ wà lára ohun tó fà á. Gààrí sì ni ẹ̀gẹ́ lọ́dọ̀ tiwa.

Àwọn baba wa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí epo pupa ni wọ́n ṣe ń fún ẹyìn. Ìhá tó kù di ògùṣọ̀, èèpo èkùrọ́ di iná alágbẹ̀dẹ. Kò sẹ́ni tó gbin ọ̀pẹ láti sun ún. Ohun tó jọ ìhá pọ̀ ní Ọ̀rẹ̀: lẹ́búlẹ́bú igi níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú. Àwọn olóúnjẹ kan ń kì í sínú agolo ńlá láti fi dáná. Èyí tó ṣẹ́kù, jíjó ni wọ́n ń jó o dànù. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ pọ̀ bíi bíríkì, ilé búrẹ́dì lè lò ó, kò sì ní gba ebè iṣu kan lọ́wọ́ àgbẹ̀.

Ibi tí gẹdú náà ti ń wá ló ń kọ mí lóminú. Bí ó bá jẹ́ igbó tí a ń gé láìgbin òmíràn ni, ilé iṣẹ́ tí a bá gbé ka orí lẹ́búlẹ́bú yóò bá ti Ìwópìn lọ. Kí ẹnikẹ́ni tó ra ẹ̀rọ, kó kọ́kọ́ lọ ka iye igi tí wọ́n gbìn sí Olúwa lọ́dún tó kọjá.