Gbẹ́rẹ́ Lára Irin: Ìtàn Wáyà àti Ilà Nínú Ohun Ìṣẹ̀ṣe

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ọ̀rọ̀ okùn irin tín-ín-rín ni, èyí tí gbogbo wa ń pè ní wáyà. Bí awo bá gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ oníṣẹ́ẹ̀nì dání, wáyà ló dì mú. Bí àwọn Ògbóni bá gbé edan jáde, akọ àti abo, ṣẹ́ẹ̀nì ló so wọ́n pọ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é, kí ló sì kàn wá níbẹ̀?

Ọ̀nà àtijọ́ ni kí alágbẹ̀dẹ lu bàbà di pẹlẹbẹ, kí ó gé e tẹ́ẹ́rẹ́, kí ó wá lọ́ ọ. Ní Igbo-Ukwu, níbi tí Thurstan Shaw ti wa ilẹ̀ ní 1959 sí 1960 àti ní 1964, wọ́n rí ẹ̀gbà ọwọ́ tí wọ́n fi bàbà lílọ́ ṣe. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ohun ibẹ̀ ti wà láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹsàn-án. Potogí ò tíì dé etíkun wa rárá nígbà náà.

Ọ̀nà kejì ni fífà. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Theophilus ti ṣàlàyé rẹ̀ sínú ìwé ní ọ̀rúndún kejìlá. Wọ́n á lu ihò sára irin pẹlẹbẹ, láti orí ihò ńlá dé kékeré. Wọ́n á pọ́n ẹnu ọ̀pá bàbà, wọ́n á kì í bọ ihò, wọ́n á fi ẹ̀mú fà á já, ó di ihò tó tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá fà á títí, á le, á fẹ́ já. Wọ́n á tún kì í bọná kí ó lè rọ̀.

Ẹni tó fẹ́ tẹ wáyà sára irin á kọ́kọ́ fín ilà, á wá fẹ ìsàlẹ̀ ilà náà ju ẹnu rẹ̀ lọ. Bó bá tẹ wáyà sí i, tó fi òòlù kékeré lù ú, wáyà á fẹ̀ nísàlẹ̀, kò ní lè jáde mọ́. Á fi ayùn rẹ́ èyí tó yọ, á fi òkúta kíkúnná gbo ó, á sì fi ìyẹ̀fun èédú mú un dán.

Ẹ jẹ́ ká wá wo Benin. Ère ojú Ìyá Ọba Idia, ìyá Ọba Esigie, eyín erin ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó o láàfin ní 1897. Ọ̀kan wà ní London, òun ni àmì FESTAC ní 1977. Èkejì rẹ̀ wà ní Metropolitan Museum ní New York. Lára ti New York yìí, wọ́n tẹ irin méjì sí iwájú orí ní òòró, irin náà ni ọmọlójú. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ fúnra wọn sọ pé gbẹ́rẹ́ olóògùn ni irin méjèèjì dúró fún.

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin awo! Ta ló mọ gbẹ́rẹ́ jù wá lọ? A máa ń sín in, a máa ń fi oògùn ra á. Oníṣẹ́ ọnà náà ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: ilà ni gbẹ́rẹ́, irin ni oògùn. Kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán.

Ibi tó kàn wá nìyí. Mi ò ní kí olọ́ṣun má fọ idẹ. Ọ̀ṣun fẹ́ràn idẹ dídán. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn á gbé edan ìdílé fún oníṣẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n á fi pépà yanrìn ha á títí ilà á fi parẹ́. Ó dán lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìtàn inú rẹ̀ ti lọ. Aṣọ fífẹ́lẹ́ tó. Bí omi bá kàn án, ẹ tètè nù ún gbẹ, nítorí irin tó wà nínú idẹ á dógùn-ún. Ẹ má jẹ́ ká fi ọwọ́ ara wa pa gbẹ́rẹ́ àwọn baba wa rẹ́.